Ẹni Tó Ń Dá Gbá, Kí Ló Fẹ́ Fi Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe?

Ẹni tó bá wà ní Àgùdà ní Súrùlérè, tó ra Diablo IV, tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó sì fẹ́ dá gbá a láìpe ọ̀rẹ́ kankan mọ́ra, láìbá ẹnikẹ́ni jà, láìra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò lè gbá a bí íntánẹ́ẹ̀tì ò bá sí. Kì í ṣe pé apá kan géèmù náà á dúró kí apá kejì máa ṣiṣẹ́. Kò ní ṣí rárá ni. Iná lè wà, kọ̀ǹpútà lè dára, owó géèmù sì lè ti wọ àpò ẹni tó tà á tipẹ́. Bí dátà bá ti tán, tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò bá ti lọ, ó parí nìyẹn. Láti ọdún 2012 ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lára ohun tí àwọn agbágéèmù kárí ayé ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú géèmù yìí fà jù lọ. Èrò tèmi ni pé àwọn agbágéèmù ló jàre. Kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ ló sọ íntánẹ́ẹ̀tì di dandan fún ẹni tó ń dá gbá. Àwọn èèyàn kan ló jókòó, tí wọ́n pinnu pé bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Àwọn tí ìpinnu náà sì ń ni lára jù, ìyẹn àwọn tó wà níbi tí èèyàn ti ń fi owó àti sùúrù wá iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójoojúmọ́, ni ẹnikẹ́ni ò bi léèrè.

Irú géèmù wo là ń sọ ná? Akọni kan ni èèyàn máa kọ́kọ́ yàn: ó lè jẹ́ jagunjagun, ó lè jẹ́ ọdẹ, ó lè jẹ́ oṣó. Yóò wọ inú igbó, ihò ilẹ̀ tàbí ìlú tó ti di ahoro, àwọn ẹbọra á sì ya bò ó. Ọwọ́ ara ẹni lèèyàn fi ń ja gbogbo ìjà náà, nítorí náà, bí ọwọ́ bá lọ́ra, akọni kú. Ẹbọra tó bá ṣubú á já ìkógun sílẹ̀: idà, ìhámọ́ra, òrùka, oògùn. Agbára akọni á máa gòkè láti ìpele dé ìpele, ẹbọra tó ń bọ̀ níwájú á sì le ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, ti mọ ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀. Diablo, tí ilé-iṣẹ́ Blizzard ní Amẹ́ríkà ṣe, tó sì jáde lópin ọdún 1996, ni ọ̀pọ̀ géèmù irú rẹ̀ ń wò kọ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Path of Exile dé láti New Zealand ní 2013, Diablo Immortal tó wà lórí fóònù ní 2022, Last Epoch ní 2024, àti ọ̀pọ̀ mìíràn.

Nínú géèmù àtijọ́, ẹ̀rọ tó wà níwájú ẹni ló ń ṣe gbogbo ìṣirò. Òun ló mọ iye ẹ̀mí tó kù fún akọni àti ohun tó wà nínú àpò rẹ̀. Òun náà ló ń pinnu bóyá idà ba ẹbọra tàbí kò bà á. Nínú ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà ńlá tí ilé-iṣẹ́ gbé kalẹ̀ níbòmíràn, èyí tí àwọn agbágéèmù ń pè ní sáfà, ló di adájọ́. Ẹ̀rọ tó wà nílé kàn ń ya àwòrán ni, ó sì ń ròyìn ohun tí ọwọ́ ẹni ṣe. Sáfà ló ń sọ bóyá ohun náà ṣẹlẹ̀. Akọni, ìpele rẹ̀, ìkógun tí èèyàn fi oṣù mẹ́ta wá kiri, ọ̀dọ̀ sáfà ni gbogbo rẹ̀ ń gbé. Bí àwọn èèyàn bá ń gbá géèmù pa pọ̀, tí wọ́n ń ṣe kàrà-kàtà láàárín ara wọn, mi ò rí àléébù nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dá gbá ni mo ń gbẹjọ́ rẹ̀ rò.

Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti rí báyìí. Diablo II, tó jáde ní ọdún 2000, fún èèyàn ní ọ̀nà méjì: a lè gbá a nínú ilé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì lè gbá a lórí Battle.net, níbi tí akọni ẹni ti wà lábẹ́ ìṣọ́ sáfà Blizzard. Akọni inú ilé kò lè wọ agbo àwọn tó wà lábẹ́ ìṣọ́ yìí, nítorí ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè fi ojóró sọ ọ́ di alágbára láàárín ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, àwọn onímàgòmágó rí ọ̀nà sọ ìkógun kan di mẹ́wàá lórí Battle.net pàápàá, àwọn mìíràn sì ń ta ìkógun fún ara wọn lówó gidi lẹ́yìn géèmù. Nígbà tí Blizzard máa ṣe Diablo III, wọ́n yọ ọ̀nà inú ilé kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n dá ọjà gbàǹjo sílẹ̀ nínú géèmù náà fúnra rẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè fi owó gidi ra idà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ilé-iṣẹ́ yóò sì gba tirẹ̀ lórí òwò náà. Níbi tí owó gidi bá ti wọ ọ̀rọ̀, kò sí bí ilé-iṣẹ́ ṣe fẹ́ gbà kí ẹnikẹ́ni máa gbá géèmù níbi tí ojú sáfà ò tó. Ọjà yìí wà lára ìdí pàtàkì tí íntánẹ́ẹ̀tì fi di dandan.

Ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2012 ni Diablo III jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti sanwó kò rí akọni, wọn ò rí ẹbọra. Gbólóhùn kan tó ń jẹ́ Error 37 ni wọ́n rí, tó ń sọ fún wọn pé sáfà ti kún, kí wọ́n padà wá. Ní Kòríà ti Gúúsù, tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn wà lára èyí tó yára jù lágbàáyé, ẹ̀hónú pọ̀ débi pé àjọ ìjọba tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ nínú òwò lọ tú ọ́fíìsì Blizzard wò ní Seoul. Nígbẹ̀yìn, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti dá owó padà fún àwọn ará Kòríà tí akọni wọn ò tíì dé ìpele 40. Mo tẹnu mọ́ ti Kòríà nítorí àwọn tó máa ń sọ pé àìní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára ní Áfíríkà nìkan ló ń dá wàhálà yìí sílẹ̀. Wàyá tó dára jù lọ wà ní Seoul, ilẹ̀kùn sì tì síbẹ̀. Ní ti ọjà gbàǹjo, Jay Wilson tó darí iṣẹ́ Diablo III jẹ́wọ́ ní gbangba ní 2013 pé ó ṣe géèmù náà ní jàǹbá. Ẹni tó lè ra idà lọ́jà, kí ló tún fẹ́ wá lọ sínú ihò ẹbọra? Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2014, wọ́n ti ọjà náà pa.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀rí tó lágbára jù wà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, Blizzard gbé Diablo III wá sórí PlayStation 3 àti Xbox 360. Géèmù kan náà ni, ìtàn kan náà, ẹbọra kan náà. Èyí tó wà lórí PlayStation kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó ń dá gbá, kò sì sí ọjà gbàǹjo nínú rẹ̀. Èèyàn lè fi díìsìkì sí i kó máa gbá a lọ, bó wà ní Àgùdà, bó wà ní abúlé. Bẹ́ẹ̀, ti orí kọ̀ǹpútà ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì nìṣó, kódà lẹ́yìn tí ọjà tí wọ́n torí ẹ̀ sọ ọ́ di dandan ti kógbá wọlé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun kan tán, kò sí ẹni tó tún lè sọ fún wa pé ohun náà kò ṣeé ṣe.

Ẹ wá gbé ètò yìí wá sí ìlú Èkó, ní apá ibi tí Àgùdà, Ojúẹlẹ́gbà, Yaba àti Mushin wà. Iná ni àkọ́kọ́. Ní 2024, léraléra ni ẹ̀rọ tó ń pín iná káàkiri Nàìjíríà dá kú pátápátá, tí òkùnkùn sì bo ìpínlẹ̀ lórí ìpínlẹ̀. Ẹni tó ní laptop tí bátìrì rẹ̀ dúró, tàbí tó ní inverter, lè máa gbá géèmù lọ bí NEPA bá mú iná. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ ní gbogbo àdúgbò, ẹ̀rọ tó ń gbé Wi-Fi náà ń kú, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lo jẹnẹrétọ̀ sì lè ṣíwọ́ bí dísẹ̀lì rẹ̀ bá tán. Géèmù tó lè dúró lórí bátìrì wá di èyí tí òkùnkùn àwọn ẹlòmíràn ń pa. Dátà ńkọ́? Àyè 90GB ni Blizzard ní kí èèyàn fi sílẹ̀ fún Diablo IV nígbà tó jáde. Nígbà tí MTN gbé 15GB ọlọ́sẹ̀ kan kúrò ní ₦2,000 sí ₦6,000 ní oṣù Kejì ọdún 2025, ariwo sọ, ilé-iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì. Ẹ jẹ́ ká lo iye àtijọ́ tó rọjú yẹn: ìlọ́po mẹ́fà 15GB ni 90GB, ₦12,000 nìyẹn, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí jẹ́ ₦70,000. Èèyàn ò tíì pa ẹbọra kan ṣoṣo. Àwọn àtúnṣe tuntun tí ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sì ń bọ̀ lẹ́yìn, èyí tí ẹni tó ń gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè kọ̀.

Ìjìnnà ni ìkẹta, òun ló sì ṣòroó rí jù. Wàyá MainOne, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2010, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 7,000 lábẹ́ òkun láti Èkó dé Pọ́túgàlì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú wàyá yìí ń sáré nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó ti wù kí ilé-iṣẹ́ lówó tó, kò lè ra eré tó ju ìyẹn lọ. Bí a bá ṣe ìṣirò lọ-bọ̀, ó kéré tán ìdá 70 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá ti lọ kí ọ̀rọ̀ tó ti Èkó dé Pọ́túgàlì kó sì padà, ká tó ka ìrìn láti Pọ́túgàlì dé ibi tí sáfà wà ní Yúróòpù, àti ìrìn láti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé inú yàrá ẹni. Láti ìdá 100 sókè ni ọ̀pọ̀ ń rí. Nínú géèmù tí ojú ẹ̀rọ ń yí àwòrán padà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán mẹ́fà ti kọjá kí ọ̀rọ̀ pé ọwọ́ ẹni ti ní kí akọni yẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ sáfà, kí ìdáhùn rẹ̀ sì tó padà. Àdá ẹbọra ti balẹ̀. Láàgì ni àwọn agbágéèmù ń pè é, àwọn tí kò mọ̀ sì rò pé àwáwí ẹni tí wọ́n lù ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí wàyá MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 já lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, tí bánkì pàápàá ní Èkó ń ṣe ségesège, ẹni tí géèmù rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ tirẹ̀ ń gbá tirẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù ni ọ̀nà ìgbá kan tí wọ́n ń pè ní hardcore: akọni tó bá kú lẹ́ẹ̀kan ti kú títí láé. Agbágéèmù lè fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tọ́ akọni bẹ́ẹ̀ dàgbà, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kó bá òkú rẹ̀ nílẹ̀. Ìlànà Blizzard ni pé àwọn kì í jí akọni tí láàgì pa. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìpinnu àwọn tó ń ṣe géèmù ṣe lè yàtọ̀ síra lórí ìyà kan náà. Nínú Path of Exile, akọni hardcore tó kú á kàn kúrò ní agbo àwọn akíkanjú bọ́ sí agbo gbogbogbòò, ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́. Ògo ló pàdánù, kò pàdánù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nínú Diablo IV, Blizzard fi ìwé oògùn kan sí i tó ń gbé akọni hardcore sá kúrò lójú ìjà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Ẹ̀rí ni pé ẹni tó bá fetí sílẹ̀ máa ń rí nǹkan ṣe sí i.

Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mò ń sọ ni ti ojóró. Wọ́n á ní bí a bá fi akọni sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, yóò tún un rọ bó ṣe wù ú, yóò sì wá fi ba ọjà àti ìdíje àwọn tó ń fi òógùn ojú wọn gbá a jẹ́. Òótọ́ ni pé èèyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀, Diablo II sì jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ti wà nínú Diablo II yẹn náà: pín agbo sí méjì, kí ti inú ilé má sì wọ ti ìta láé. Ẹni tó fi ojóró jẹun nínú ilé ara rẹ̀, ta ló rẹ́ jẹ? Àwọn tó ṣe Last Epoch, ìyẹn Eleventh Hour Games, tún ọ̀nà yìí ṣí nígbà tí géèmù wọn máa jáde ní kíkún ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2024. Èèyàn lè dá akọni kan tí kò ní bá sáfà ṣe nǹkan kan. Wọ́n tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹni tó fẹ́ràn kàrà-kàtà á wọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìkógun á wọ ẹgbẹ́ kejì, níbi tí ìkógun ti ń já dáadáa jù láìsí pé ó lè tà á. Nígbà tí géèmù náà jáde, èrò tó wọ́ wá ju èyí tí sáfà lè gbà lọ, ọ̀pọ̀ ò sì rọ́nà wọlé fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tí akọni wọn wà nínú ilé ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ohun tí mò ń sọ lójú kòrókòró, ọ̀sẹ̀ yẹn ni kó lọ wò.

Àtakò kejì ni ti àdàkọ ayédèrú, ẹnu wa ní Nàìjíríà kò sì gbà á láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ta díìsìkì ayédèrú ní Alaba àti Computer Village ní gbangba, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ò sì mọ géèmù PlayStation 2 mìíràn ju èyí tí wọ́n dà kọ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó bá fi sáfà ṣọ́ ọjà rẹ̀ ń dáàbò bo owó rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí mi ò gbà ni pé ọ̀nà yìí nìkan ló kù láti jẹun. Torchlight II, tó jáde ní 2012, oṣù mélòó kan lẹ́yìn Diablo III, gba ẹni tó ń dá gbá láyè láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti Diablo III. Grim Dawn, tí Crate Entertainment ṣe ní 2016, wà bẹ́ẹ̀ náà; wọ́n ti fi apá tuntun kún un ní 2017 àti 2019, wọ́n sì tún kéde òmíràn lẹ́yìn náà. Ilé-iṣẹ́ tí olè ti pa kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ báyẹn. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni pé ẹni tó sanwó ni ìṣọ́ yìí ń fìyà jẹ. Òun ni Error 37 dá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n tún máa ń sọ ọ̀rọ̀ kẹta, bí wọn ò tilẹ̀ sọ ọ́ síta: mélòó ni owó tó ń wá láti Nàìjíríà? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó dí owó náà lọ́nà. Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà tó tóbi jù, kì í gba náírà. Dọ́là ni wọ́n fi ń kọ iye ọjà síwájú ọmọ Nàìjíríà. Ní 2022, ọ̀pọ̀ bánkì wa dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí $20 lóṣù, nígbà tó yá àwọn kan dá a dúró pátápátá. Diablo IV jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ní $70. Lọ́sẹ̀ yẹn, dọ́là kan ò tíì tó ₦470 lọ́jà ìjọba, ìyẹn ni pé géèmù náà kò tíì tó ₦33,000. Lọ́dún kan lẹ́yìn rẹ̀, dọ́là ti kọjá ₦1,400, $70 kan náà sì ti lé ní ₦98,000, ó ju owó oṣù mẹ́ta òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦30,000 tí òfin là kalẹ̀ nígbà náà lọ. Ẹni tí a ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́, a ò lè fi bó ṣe dúró síta ṣe ẹ̀rí pé kò fẹ́ wọlé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Helldivers 2 fi èyí hàn kedere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé géèmù ìbọn ni. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Sony kéde pé gbogbo ẹni tó ń gbá a lórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ so ó pọ̀ mọ́ àkáǹtì PlayStation Network. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti lè ṣí àkáǹtì yẹn. Wọ́n yọ géèmù náà kúrò lọ́jà Steam ní orílẹ̀-èdè 177. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn agbágéèmù kárí ayé ti kọ èrò burúkú tó ju 200,000 lọ sábẹ́ rẹ̀, Sony sì gbé ẹsẹ̀ padà. Ìṣẹ́gun ni, mo sì kan sáárá sí wọn. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn ìṣẹ́gun yẹn, géèmù náà ò tíì padà sọ́jà ní àwọn orílẹ̀-èdè náà. Ohun tí àwọn tó wà ní London àti New York béèrè, wọ́n rí i gbà. Àwọn tí wọ́n tì síta, tí wọn ò rí àyè béèrè, ni ọ̀rọ̀ wọn dúró sílẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe géèmù á sì dáhùn pé agbágéèmù kì í tẹ́ lọ́rùn. Bí wọ́n bá fún un ní ìkógun púpọ̀, yóò ní ó ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá dín in kù, yóò ní wọ́n ṣahun. Apá kan ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà. Nídìí ayò, òǹwòran máa ń rí i pé ọmọ ayò kan wà níbi tí kò yẹ kó wà, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ràn tó máa mú wá lè sọ ọ̀ta di ọ̀pẹ. Bó ṣe rí níbí náà nìyẹn: ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ mọ ibi tó ti ń ta á, kò fi dandan mọ bí a ṣe ń rán bàtà. Nígbà tí àtúnṣe 1.1.0 wọ Diablo IV ní oṣù Keje ọdún 2023, tó sọ agbára àwọn akọni di yẹpẹrẹ lójijì, ariwo tó sọ pọ̀ débi pé àwọn olórí iṣẹ́ náà jáde wá sọ ní gbangba pé àwọn ò ní ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo ń fẹ́ kí wọ́n kàn dá agbára padà. Ohun tó ń dùn wọ́n gan-an jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìkógun géèmù náà pọ̀ jàntìrẹrẹ, kò sì ní láárí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Blizzard tún gbogbo ètò ìkógun rẹ̀ tò látìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti lọ ló sì padà wá gbóríyìn fún un. Nítorí náà, èmi ò sọ pé kí wọ́n ṣe gbogbo ohun tí agbágéèmù bá ní kí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ará Kòríà tí wàyá rẹ̀ dára, ará Amẹ́ríkà tí owó rẹ̀ pọ̀, àti ọmọ Àgùdà tó ń ka dátà bá ń nawọ́ sí ibì kan náà fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, ìyẹn ti kúrò ní ariwo.

Ọ̀ràn ikú ṣì wà níbẹ̀, ikú géèmù fúnra rẹ̀. Hellgate: London jáde ní 2007, àwọn tó ti ṣe Diablo tẹ́lẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe é. Ilé-iṣẹ́ náà wó láìpẹ́, wọ́n sì pa sáfà rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2009. Ṣùgbọ́n ó ní apá tí èèyàn lè dá gbá láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ní díìsìkì rẹ̀ sì ń gbá a lọ lẹ́yìn ikú ilé-iṣẹ́. Ẹ fi wé Marvel Heroes, tó jáde ní 2013, tí David Brevik tó wà lára àwọn olùdásílẹ̀ Diablo darí. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́dọ̀ sáfà. Nígbà tí wọ́n pa sáfà náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, akọni gbogbo èèyàn pòórá lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú gbogbo aṣọ àti agbára tí wọ́n fi owó gidi rà fún un. Irú ìpàdánù yìí ló bí ìpolongo Stop Killing Games, lẹ́yìn tí Ubisoft pa sáfà géèmù eré ọkọ̀ The Crew ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti gba ìbuwọ́lùwé tó lé ní mílíọ̀nù kan ní oṣù Keje ọdún 2025. Nàìjíríà kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwa náà sì ń ra ọjà kan náà.

Àwọn tó ń gbé níbi tí iná ti ń lọ máa ń ronú lọ́nà mìíràn nígbà tí wọ́n bá ṣe tiwọn. Ní Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù tó múlé gbè wá, Olivier Madiba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kiro'o Games ṣe Aurion: Legacy of the Kori-Odan. Wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ayé lórí Kickstarter ní 2015, géèmù náà sì jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2016. Géèmù akọni àti ìjà ni, nípa ọba kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́, àdágbá ni, kò sì fi íntánẹ́ẹ̀tì há ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ní Èkó níbí, Maliyo Games, tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní 2012, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní iṣẹ́ géèmù lábẹ́ ètò GameUp Africa. Ó wù mí kí àwọn tó ń tibẹ̀ jáde mọ̀ pé ìyà tí wọ́n jẹ nídìí géèmù ẹlòmíràn jẹ́ ìmọ̀ tí ẹni tó wà ní California kò ní. Fún ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá sì fẹ́ kí àwọn èèyàn máa gbá géèmù pọ̀ lóòótọ́, ilé àwọn sáfà ńláńlá ti wà ní Èkó, ní Oregun àti Lekki. Amazon pàápàá ti gbé apá kan iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá síbí láti 2023. Kò tún sí dandan pé kí ọ̀rọ̀ wa kọ́kọ́ rìn dé Pọ́túgàlì.

Kí wọ́n tó ṣe ìyẹn, ohun kan wà tó rọrùn, tí òfin sì ti ṣílẹ̀kùn fún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, òfin ìpínlẹ̀ California ti sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó ń ta géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ kó yé òǹrajà pé àyè láti lò ó ló ń rà, kì í ṣe géèmù náà. Òfin wa ti ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn òǹrajà, sílẹ̀ fún òǹrajà Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ òótọ́ nípa ọjà ní èdè tó yé e. Kí àjọ náà lo òfin yìí fún géèmù: kí wọ́n kọ ọ́ síwájú ọjà, kí èèyàn tó sanwó, bóyá géèmù náà á ṣí nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ò bá sí, ibi tí sáfà tó sún mọ́ Èkó jù wà, iye dátà tí wákàtí kan ń jẹ, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí akọni ẹni lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa sáfà.